Ọ̀rọ̀ Tí Fádáhùnsí Gbé Gba Òdì

Èbúté Èkó ni Fádáhùnsí ti kọ́ èdè òyìnbó. Ọdún méje ló fi ru ẹrù níbẹ̀, ohun tó bá sì gbọ́ lẹ́nu àwọn atukọ̀ ló ń kó sí agbárí: gbé e, sọ ọ́ kalẹ̀, yára, ọ̀lẹ ni ọ́. Nígbà tí ogun Ìmàgbọn tí òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà parí, tí ọ̀nà sì là, ó padà sílé ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù. Kò pẹ́ tí oníwàásù òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀ fi wá gba ilé sí àdúgbò náà. Ta ni yóò máa ṣe ògbufọ̀ wọn bí kò ṣe Fádáhùnsí?

Oníwàásù kì í gbélé. Bí kò bá lọ Ìkẹ́nnẹ́, á wà ní Ìlíṣàn. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mísíìsì, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Ẹni tó ń bá a dáná, tó ń bá a fọṣọ, ni Mọ́rọ́nfọ́lá, opó kan tó tó ìyá bí i. Mọ́rọ́nfọ́lá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ti wọlé, á kúnlẹ̀, á kí Mísíìsì, ojú rẹ̀ á wà nílẹ̀, á sì bọ́ sídìí iṣẹ́. Bí Mísíìsì bá rẹ́rìn-ín sí i, ìyá á tún tẹrí ba sí i ni. Ìyàwó ẹni ńlá, èèyàn kì í wò ó lójú kòròkòrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mísíìsì bá Fádáhùnsí sọ̀rọ̀ níṣojú ìyá náà. Ó ní ìyá yìí "kóòdù" sí òun. Fádáhùnsí kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí àwọn atukọ̀ ń pe òtútù nígbà ọyẹ́ nìyẹn.

"Ìyá, Mísíìsì ní ẹ tutù."

Mọ́rọ́nfọ́lá gbé ọwọ́ méjèèjì láyà. "Háà! Èmi? Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ìyá tó bí mi ló kọ́ mi pé kí n tutù bí omi àfòwúrọ̀pọn."

Fádáhùnsí yí i sí òyìnbó: ìyá dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe tọ́ ọ. Ojú Mísíìsì pọ́n, ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti fi kún ìwà tútù rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ wúkọ́ pàápàá, ìta ló ń lọ. Mísíìsì ní tirẹ̀ wá ń rù. Oúnjẹ á wà níwájú rẹ̀, kò ní jẹ ju òkèlè méjì lọ. Àwọn aládùúgbò ní ibà ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Mísíìsì ń kọ́ Fádáhùnsí níwèé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi ń sọ ìwà èèyàn ni wọ́n ń kà. Mísíìsì ní ẹni tó bá lọ́yàyà, tó ń fi ẹ̀rín pàdé àlejò, "wọ́ọ̀mù" ni. Ẹ̀rín pa Fádáhùnsí, nítorí ohun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lòun mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí wọ́n bá sì ní ó gbóná nílẹ̀ Rẹ́mọ, ńṣe làwọn èèyàn ń yà fún un lọ́nà.

"Kóòdù ńkọ́?" ló bi í.

Mísíìsì fohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ ọ́: ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ ni, tí kò fẹ́ rí ojú rẹ, tó ń ṣe sí ọ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí. Omi lé ròrò sí i lójú, ó kán sórí ìwé.

Fádáhùnsí dìde wúyá, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, níbi tí Mọ́rọ́nfọ́lá ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Mo ti ba nǹkan jẹ́." Ó rò fún un látòkèdélẹ̀.

Ìyá gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "O ní ọmọ yìí rò pé mo kórìíra òun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Mo sì tún ní kí o bá mi dúpẹ́?"

"Ẹ dúpẹ́, Ìyá."

Ìyá kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omijé ló gbẹ̀yìn ẹ̀rín náà. "Ọmọ ọlọ́mọ, tó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lókè òkun!" Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò kúnlẹ̀. Ó jókòó ti Mísíìsì, ó gbá a mọ́ra, ó wò ó lójú.

"Àjọkẹ́," ló pè é. "Àjọkẹ́ mi, má sunkún mọ́."

Mísíìsì kọjú sí Fádáhùnsí, ó ń retí ìtumọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ògbufọ̀ kò yára. Ó ní kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí òun lè fi sọ ọ́. Oríkì ni, orúkọ tí ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo ilé ló pawọ́ pọ̀ kẹ́ ẹ. Ó wá jẹ́wọ́ pé tútù tí ìyá tutù, ìwà tó dára jù lọ ni lójú àwọn, pé òun lòun gbé ọ̀rọ̀ gba òdì. Mísíìsì fi orí lé ìyá léjìká, kò sì tètè gbé e kúrò.

Ọdún mẹ́ta ni oníwàásù àti Mísíìsì lò ní Ẹ̀pẹ́. Kí wọ́n tó lọ, Mísíìsì ti ń kúnlẹ̀ kí ìyá láràárọ̀, ìyá náà sì ti ń bá a tàkúrọ̀sọ láti ẹnu ọ̀nà wọlé, bó gbọ́ bí kò gbọ́. Ní ti Fádáhùnsí, ó ṣe ògbufọ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Bí òyìnbó bá sọ̀rọ̀ tán, á ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ lọ́nà mìíràn. Àwọn kan ń kùn pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Á tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i ni.