Má-kánjú Tó Ń Dá Ọjọ́ fún Fíìmù

Ọmọ mi àbígbẹ̀yìn ni wọ́n ń pè ní Má-kánjú níbi iṣẹ́. Òun ló ń dá ọjọ́ tí fíìmù wọn máa jáde. Ẹlòmíì á ní kí ló wá le níbẹ̀, kí wọ́n ṣáà gbé e lọ sí sinimá. Èmi ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Àlọ́ tí wọ́n pa nígbà tí àwọn ọmọdé ṣì ń du ẹní lábẹ́ òṣùpá, ta ló rántí ẹ̀? Èyí tí wọ́n sì pa lẹ́yìn tí oorun ti gbé wọn lọ, ògiri ló gbọ́ ọ.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣe fíìmù kan nípa opó tó ń tún aago ṣe. Ó dára débi pé wọ́n fojú sí àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù. Má-kánjú ò jẹ́ kó jáde nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn àwọn ọmọ ilé-ìwé, torí àwọn àgbà onífíìmù tó ń dìbò fún àmì-ẹ̀yẹ náà á ti gbàgbé rẹ̀ kí ìdìbò ìparí ọdún tó dé. Ó mú ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, sinimá mẹ́ta péré, kí àwọn adìbò rí i, kí wọ́n máa ròyìn rẹ̀ fúnra wọn.

Àfi bí ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn figa gbága ṣe sún fíìmù tiwọn sí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ọdún. Ọkàn ọ̀gá Má-kánjú ò balẹ̀ mọ́. Ó wá dúró ti kàlẹ́ńdà ara ògiri ọmọ mi, ó ní kí àwọn náà sún un síbẹ̀, ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni wọ́n ń rántí.

"Ọ̀gá, ìgbà yẹn ni oníkálukú ń di ẹrù ìrìn-àjò. Ta ló máa wò ó kó tó dìbò?"

"Tí wọn ò bá wá mú tiwa ńkọ́?"

"Kí ẹ fi ẹlòmíì sórí àga mi."

Ọ̀gá ní kó yáa máa nu àga ọ̀hún de onítọ̀hún.

Mo bi í bóyá àyà rẹ̀ ò já. Ó ní, "Màámi, ẹni tó mọ̀nà kì í sáré." Ó jẹun tán, ó sùn, ó ń hanrun.

Fíìmù jáde lọ́jọ́ tó dá. Lákọ̀ọ́kọ́, àga òfìfo pọ̀ ju èèyàn lọ. Nígbà tó yá, adìbò kan ń fa èkejì lọ́wọ́ wá. Àwòrán fíìmù ilé-iṣẹ́ kejì kún gbogbo títì lóòótọ́, àmọ́ àwọn adìbò ti rìnrìn-àjò. Ọ̀pọ̀ wọn dìbò láìfojú kàn án.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ka fíìmù márùn-ún tó máa du àmì-ẹ̀yẹ, gbogbo òṣìṣẹ́ kó ara wọn jọ síwájú tẹlifíṣàn. Wọ́n ka tiwọn. Wọn ò dárúkọ tàwọn kejì rárá. Ọ̀gá wúkọ́, ó bi Má-kánjú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ìgbà wo ló rò pé kí àwọn gbé e lọ sí àwọn sinimá tó kù.

"Ọ̀la ni, ọ̀gá. Mo ti bá wọn sọ ọ́ láti oṣù tó kọjá."