Ìkíni Màmá àti Rélùwéè Òṣòdì

Ìbà là ń gbé nígbà ìjọba ṣọ́jà, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Yábàá. Tí mo bá ti lè dé ibùdó rélùwéè Òṣòdì kí ọkọ̀ òwúrọ̀ tó kọjá, wàhálà mi parí. Láti Ìbà dé Òṣòdì gan-an ni wàhálà.

Baba lánlọ́ọ̀dù wa ní Pijó àtijọ́ kan, wọ́n sì ní ìsọ̀ pákó l'Óṣòdì. Wọ́n máa ń gbé èmi àti ayálégbé méjì mìíràn, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àléébù ọkọ̀ náà kò ju ọ̀kan lọ: ẹ̀gbọ́n Baba, màmá arúgbó kan, ń gbé ní ìparí àdúgbò, iwájú ilé ni wọ́n sì ń jókòó sí láràárọ̀. Baba á pa ọkọ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá á kì wọ́n ní oríkì. Baba á béèrè orúnkún Màmá, wọ́n á béèrè ewúrẹ́, wọ́n á tún béèrè àlá tí Màmá lá. Àwa á máa wo ara wa nínú ọkọ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún onílé pé kó má kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Ilé iṣẹ́ ọkọ mi ti kógbá sílé, owó oṣù tèmi la fi ń jẹun. Ọ̀gá mi sì ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé tí mo bá tún pẹ́ dé, kí n má wulẹ̀ wọlé mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ara mi ò gbà á mọ́. "Baba, ẹ forí jì mí, ẹ má dúró lónìí. Iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ mi o!" Baba wò mí nínú dígí. Wọ́n juwọ́ sí Màmá, wọ́n wa ọkọ̀ lọ. A bá rélùwéè.

Yéè! Nígbà tí mo fi dé nírọ̀lẹ́, àwọn àgbà ti pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Màmá ń sunkún. "Kí ni mo ṣe fún àbúrò mi tó fi juwọ́ sí mi bí ẹni ń lé eṣinṣin?" Baba dorí kodò, wọn ò dárúkọ mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni, mo ròyìn rélùwéè, mo ròyìn iṣẹ́.

Màmá wò mí títí. "Ìyẹn náà ni? Ṣé o ò lẹ́nu láti sọ fún mi ni?"

Láti ọjọ́ kejì, ojú títì ni Màmá ń dúró sí. Bí wọ́n bá ti gbúròó Pijó, wọ́n á kígbe: "Mo ti dáhùn o! Ẹ máa lọ! Mo ti dáhùn!" Baba á tẹrí ba lórí sítíárì, a ó sì kọjá. Inú mi ń dùn, ojú sì ń tì mí. N kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ la dé ojú títì lọ́jọ́ kan tí a ò bá Màmá. Baba rọra dúró, wọ́n wò mí nínú dígí. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀.

Orí ẹní la bá Màmá, ara wọn gbóná janjan. Wọ́n lajú, wọ́n rí mi. "Rélùwéè ńkọ́? Kò ní fi yín sílẹ̀?"

"Ó ń dúró dè wá, Mà," ni mo wí. Mo ki aṣọ bọ omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ara wọn.

Ọjọ́ náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.