Ìkómọ Tí A Tún Ṣe Nítorí Fótò

Èmi ni mo ní kí a má pe onífótò. Mo fẹ́ kí èyí hàn kedere kí n tó bá ọ̀rọ̀ lọ, nítorí ìyàwó mi kò fi ìgbà kan sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú, bẹ́ẹ̀ ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni a fi retí ọmọ. Nígbà tí ọmọ máa dé, ọkùnrin ni. Muṣin ni à ń gbé nígbà náà, nínú ilé kan tí yàrá mẹ́wàá ti dojú kọra. Ìyá ìyàwó mi wà ní Iléṣà. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn mọ́, wọn kò sì lè wá síbi ìkómọ. Ìyàwó mi ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n má banú jẹ́, òun á gbé ìkómọ náà wá bá wọn nínú fótò, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìlérí yẹn kì í ṣe kékeré. Fún ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn orogún Ìyá fi ń bi wọ́n, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé ṣé kò tíì sí ìròyìn láti Èkó. Ìyá fẹ́ nǹkan tí wọ́n máa nà sí wọn.

Kámẹ́rà mi kéré, ó wọ àpò ṣòkòtò. Àbúrò mi ló mú un bọ̀ láti òkè òkun. Kò gba òye kankan: wo inú fèrèsé rẹ̀, tẹ bọ́tìnnì, fi àtàǹpàkò yí fíìmù síwájú, ó parí. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, n kò lè lo ohun tí n kò tíì kà nípa rẹ̀. Ìwé tó bá a wá wà ní èdè mẹ́fà. Mo ka ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì yẹ ti Faransé wò, bóyá wọ́n fi nǹkan pa mọ́ fún àwọn èèyàn tiwọn. Ojú ewé méjì lẹ̀ mọ́ra nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. N kò yà wọ́n.

Lọ́jọ́ ìkómọ, kò sí ohun tí n kò yà. Bàbá mi ti kú, nítorí náà láńlọ́ọ̀dù wa, Alájì kan tí wọ́n dàgbà ju gbogbo wa lọ, ni wọ́n gbé ọmọ lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi oyin kàn án lẹ́nu. Mo ya oyin. Mo ya iyọ̀. Mo ya ìyàwó mi, tó ti ń sunkún láti òwúrọ̀, tó ń fi etí ìborùn nu ojú ọmọ dípò ojú ara rẹ̀. Mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n kọ sára fíìmù náà. Nígbà tí mo dé iye yẹn, nọ́ńbà dúró, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ò dúró. Mo yí i, ó yí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ yẹ̀rì.

“Tíṣà, ó ti tó mélòó?” Alájì bi mí.

“Ó ti lé ní ogójì, sà.”

“Mẹ́rìndínlógójì kọ́ lo pè é láàárọ̀?”

“Òun ni, sà.”

Alájì gbé ojú sókè. “Àlùbáríkà nìyẹn! Ẹsẹ̀ ọmọ yìí dáa. Ya èmi àti àwọn ìyàwó mi sí i.”

Mo yà wọ́n. Mo ya ìkòkò ìrẹsì. Mo ya géètì. Méjìléláàádọ́ta ni gbogbo rẹ̀. Mo kàwé, mo sì gbà pé àlùbáríkà ni.

Ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé kò jẹ́ kí n ráàyè gbé fíìmù lọ fún fífọ̀. Ọmọ ti pé oṣù mẹ́ta kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù kan ní Surulere. Nígbà tí mo padà lọ gba fótò, ọkùnrin tó ń fọ̀ ọ́ gbé fíìmù náà síwájú iná.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó. Ó mọ́ láti òkè délẹ̀.”

“Kí ló túmọ̀ sí?”

“Fíìmù yín ò kúrò lójú kan ni. Ẹnu ẹ̀ ò kọ́ irin tó yẹ kó fà á. Ẹ kàn ń tanná sójú àwọn èèyàn ni.”

“Mo ya méjìléláàádọ́ta.”

“Mo gbọ́, sà. Ẹ tiẹ̀ lè ya igba.”

Nígbà tí mo délé, mo ya ojú ewé méjèèjì kúrò lára ara wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ bí a ṣe ń fi ẹnu fíìmù kọ́ irin sí.

Mo rò pé ìyàwó mi máa sunkún. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. “A máa tún un kó ni,” ló wí.

“Tún kí ni kó?”

“Ọmọ. Mo ti ṣèlérí fún Ìyá.”

A wé ọmọ wa sínú aṣọ funfun, a wò ó. Ó ti sanra, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn bí ẹni tó ń wá ìbò. Kò sí bí èèyàn ṣe lè pè é ní ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

“Ìyàwó mẹkáníìkì yàrá kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ jáde,” ìyàwó mi wí.

“O fẹ́ lọ yá ọmọ?”

“Wákàtí kan péré. Àbí wákàtí kan ò tó yín?”

Ìyàwó mẹkáníìkì ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Ẹ gbé e, Màmá Ìkókó. Ó kàn jẹ́ pé obìnrin ni o.”

“Nínú aṣọ funfun, ta ló máa mọ̀?”

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ará ilé jáde nínú aṣọ tí wọ́n wọ̀ nígbà àkọ́kọ́, wọ́n sì jókòó. Wọn kò fẹ́ fọwọ́ kan abọ́ òfìfo.

“Tíṣà, a ò lè máa jẹ afẹ́fẹ́. Kámẹ́rà máa mọ̀.”

“Kámẹ́rà yìí ò mọ nǹkan kan,” ni mo wí. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi tún gbé ìrẹsì kaná.

Alájì ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n kàn gbé ọmọ, kí wọ́n máa mi ètè.

“Kí n máa mi ètè láìgbàdúrà? Lórí ọmọ tuntun? Tíṣà, ṣé ara rẹ yá?”

“Fótò lásán ni, sà.”

“Oyin kì í ṣe fótò. Iyọ̀ kì í ṣe fótò. Tí mo bá fi kan ọmọ lẹ́nu, mo ti fi kàn án nìyẹn. A kì í fi orúkọ ṣeré.”

Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà títí, wọ́n sì sọ ọmọ mẹkáníìkì ní orúkọ kan tí kò ní tẹ́lẹ̀. Àwọn ará ilé náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi orúkọ tiwọn kún un. Ìyá ọmọ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣe àmín. Mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ sáré wọlé, epo mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Ta ló ń sọ ọmọ mi lórúkọ lẹ́yìn mi?”

“Wá ṣe àmín, jàre,” ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Ó ṣe àmín. Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ tiwa ń ké lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Alájì, ó ń na ọwọ́ sí oyin, títí ẹnì kan fi pariwo pé kí wọ́n gbé e jáde, pé ó ń ba ìkómọ jẹ́. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ ọlọ́mọ sáyà, ó ń rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Mo yà á. Lọ́tẹ̀ yìí, bí mo bá ti yí fíìmù, mo ń wo irin kékeré tó wà lókè rẹ̀ bóyá ó ń yí. Ó ń yí. Nígbà tí ó pé mẹ́rìndínlógójì, kámẹ́rà dúró gbọnin.

“Àlùbáríkà ti tán,” Alájì wí.

A wọ ọkọ̀ ní Ìdó, a gbé ọmọ dání, ó di Iléṣà. Ìyá gba fótò lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó gba ọmọ. Àwọn orogún yí wọn ká.

“Ọmọ yìí mà kéré nígbà náà o,” ọ̀kan nínú wọn wí.

“Ṣé bí o ṣe tóbi yìí ni wọ́n bí ọ?” Ìyá dá a lóhùn. Wọ́n ń nà án sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: “Láńlọ́ọ̀dù wọn rèé. Oyin rèé. Wo èrò!” Bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe.

Nígbà tí àwọn orogún lọ tán, Ìyá gbé fótò kan sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n wò ó pẹ́.

“Wọ́n ti lu etí ọmọ yìí.”

Ọmọ wa ń sùn lórí ẹní níwájú wa, kò sí ihò létí rẹ̀.

“Ẹ ti dá ọmọ ọlọ́mọ padà ṣá?”

“A ti dá a padà, Ìyá,” ìyàwó mi dáhùn.

“Ó dáa.” Wọ́n ya fótò yẹn sọ́tọ̀, wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí. “Èyí tó o ti ń rẹ́rìn-ín yìí, tèmi ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí èjí rẹ gbẹ̀yìn.”

Fótò náà padà sọ́wọ́ wa nígbà tí Ìyá kú. Òun náà ni mo mú jáde nígbà tí wọ́n béèrè fótò fún ìwé ìsìnkú ìyàwó mi. Ọmọ wa, tó ti ní irùngbọ̀n báyìí, ní kí onítẹ̀wé gé ọmọ ọlọ́mọ kúrò níbẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Ti ìkómọ àkọ́kọ́, kò sí fótò kankan. Méjìléláàádọ́ta ni mo yà, èmi nìkan ni mo sì rí wọn, nínú fèrèsé tí kò ju èékánná lọ. Nínú ọ̀kan, ìyàwó mi ń fi etí ìborùn nu ojú ọmọ. Ojú ọmọ gbẹ. Tirẹ̀ ló tutù.