Òkúta Méjì Létí Odò

Àbúrò mi ni Fálolú, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Nítorí náà, bí mo bá bú u nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má bá mi bínú. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe ní Odògbolú títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọlọ́mọ tí mo kọ́ níwèé kò lóǹkà, ṣùgbọ́n Fálolú kò gbà kí n kọ́ òun kọjá ìwé kíkà. Odò ló gbà á lọ́wọ́ mi. Láti kékeré, bí a bá rán an lọ pọnmi, ìgbà tí ojú ẹ̀ bá pọ́n tán, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ sì ti hunjọ, la tó ń rí i.

Odò tó gba ẹ̀yìn oko wa kọjá lápá Ìbẹ̀fun ló fi ṣe ọ́fíìsì. Alákàṣà ló ń mú níbẹ̀, àwọn edé ńláńlá tó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ gbòǹgbò igi nínú omi, tí ọwọ́ wọn gùn, tí wọ́n sì lè gé èèyàn lọ́wọ́ já. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì Ìjẹ̀bú-Òde ń rà á bí ẹni ń jà. Àwọn apẹja yòókù á dẹ ìgèrè sílẹ̀, wọ́n á lọ sùn nílé. Fálolú ò ní sùúrù ìgèrè. Ó máa ń mòòkùn lọ bá alákàṣà nínú ilé rẹ̀ ni.

Kò sí ìkankan nínú ohun èlò ẹ̀ tó rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìgò ojú tó fi ń wo abẹ́ omi, oparun ló gé ní òrùka méjì, tó fi ọ̀bẹ gbẹ́ títí ó fi bá egungun ojú ẹ̀ mu. Ó gé dígí fèrèsé tó ti fọ́ sí i, ó fi oje igi rọ́bà lẹ̀ ẹ́ kí omi má baà wọlé, ó sì fi tíúbù kẹ̀kẹ́ dè é mọ́rí. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà ló fi wé tọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Àpò àlùbọ́sà ló so mọ́dìí, inú ẹ̀ ló ń kó ohun tó bá mú sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Oparun tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti wáyà bíréèkì ọ̀kadà bọ inú ẹ̀, wáyà náà sì yọ lórí bí òrùka. Bó bá fa ìdí wáyà, òrùka á fún mọ́ ohun tó bá wà nínú ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, alákàṣà kì í sá síwájú," ló sọ fún mi lọ́jọ́ tó fi hàn mí. "Ẹ̀yìn ló ń sá sí. Ẹ óò fi òrùka yìí dè é lẹ́yìn, ẹ óò wá fi irin agboòrùn tọ́ ọ níwájú. Òun fúnra ẹ̀ ló máa fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ inú ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ẹ mọ ara yín. Ìwọ náà, bí a bá bá ọ sọ òótọ́, ẹ̀yìn lò ń sá sí." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, ìyẹn ẹni tó máa ṣọ́ ọ láti òkè. Ìyàwó ẹ̀, Moṣọpẹ́, ọmọ Ayépé, ló ń ṣe ìyẹn. Obìnrin yìí kò mọ omi í wẹ̀ rárá. Bí odò bá ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀, á ti máa pe orúkọ Jésù. Síbẹ̀, kò sí ọjọ́ tí ọkọ ẹ̀ wọ odò tí kò jókòó sétí bèbè pẹ̀lú òkúta méjì lọ́wọ́. Bó bá ti gbọ́ ọkọ̀ ojú omi àwọn oníyanrìn tó ń wa yanrìn odò lọ́ọ̀ọ́kán, á ti ọwọ́ méjèèjì bọ omi, á sì máa lu òkúta mọ́ òkúta. Ohùn òkúta máa ń rìn jìnnà lábẹ́ omi. Bí Fálolú bá ti gbọ́ ọ, á mọ̀ pé abẹ ẹ́ńjìnnì ń bọ̀ lórí òun, á sá wá sí bèbè. Á yọrí, á sì ní, "Mo gbọ́, Moṣọpẹ́, mo gbọ́."

Moṣọpẹ́ ti kìlọ̀ fún un níṣojú mi. "Bàbá Bọ̀wálé, ọjọ́ tí ẹ ò bá gbọ́ òkúta mi mọ́, ọjọ́ náà lẹ fi odò sílẹ̀. Mi ò fẹ́ di opó."

Fálolú ní, "Éè sí nǹkan. Etí mi gbọ́ràn ju ti ajá lọ."

Irọ́ ni. Omi jíjìn ti ba etí ẹ̀ jẹ́. Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ ń kán níbẹ̀, ó ń fi òwú dí i, ó ní etí ló kàn ń dun òun. Nígbà tí ti ọ̀tún náà dákẹ́, kò sọ fún ẹnì kankan. Bó bá sọ, odò parí nìyẹn, kí ló sì fẹ́ jẹ́ lórí ilẹ̀? Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n. Kì í pẹ́ lábẹ́ omi mọ́, á yọrí léraléra, ojú Moṣọpẹ́ lá kọ́kọ́ wò. Bó bá ti rí i pé ọwọ́ ẹ̀ wà nínú omi, á ní, "Mo gbọ́, mo gbọ́." Nílé, ẹnu èèyàn ló ń wò bí a bá ń sọ̀rọ̀, ó sì ń pariwo bí ẹni ń jà. Èmi rò pé àgídí ẹ̀ ló tún lé sí i.

Ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, odò kún. Gilbert tó ń tukọ̀ gbé èèyàn sọdá wà ní òdìkejì, ó ń di ojú ibi tó ń jò lára ọkọ̀ ẹ̀. Òun ló rí gbogbo ẹ̀. Ó ní ọkọ̀ oníyanrìn ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú eré. Moṣọpẹ́ ti ọwọ́ bọ omi, ó lu òkúta, ó lù ú, ó tún lù ú. Fálolú ò yọ. Obìnrin náà dìde, ó tú gèlè orí ẹ̀, ó ń jù ú sókè bí ẹni ń júwọ́ sí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò wo apá ibẹ̀. Ló bá bọ́ bàtà sílẹ̀, ó sì wọ odò. Omi dé orúnkún ẹ̀, ó dé ìdí ẹ̀, ó ṣì ń ju gèlè. Níbi tí gbogbo wa mọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú látijọ́, àwọn oníyanrìn ti gbẹ́ ibẹ̀ di kòtò. Ẹsẹ̀ ẹ̀ wọ inú ẹ̀. Gèlè náà ni awakọ̀ rí lójú omi, ìgbà náà ló pa ẹ́ńjìnnì.

Iwájú ọkọ̀ tó dúró yẹn gan-an ni Fálolú ti yọrí. Bí wọn ò bá pa ẹ́ńjìnnì ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti di nǹkan mìíràn. Àpò àlùbọ́sà ẹ̀ kún. Ó yíjú sí bèbè bí ìṣe ẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, Moṣọpẹ́, mo gbọ́." Bàtà nìkan ló rí.

Òun náà ló mòòkùn lọ gbé e. Ìgò ojú tó fi ń wá alákàṣà ló fi wá a rí. Mi ò lè sọ ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn tí a sin ín tán, Fálolú jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ etí ẹ̀ fún mi, mo sì bínú sí i débi pé mi ò lè jẹun nílé ẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ sí i lójú pé irọ́ ẹ̀ ló pa obìnrin náà. Gilbert ló dá mi dúró. Ó gbé agbọ̀n kan tí Moṣọpẹ́ máa ń gbé lọ sétí odò wá bá mi. Okùn wà nínú ẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta tó ń hun pọ̀ di ẹyọ kan, ó gùn, ó ku díẹ̀ kó parí. Ó ti ṣe ojóbó sí orí ẹ̀. Bẹ́líìtì Fálolú kan tó ti gbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òun ló fi wọn ìdí ẹ̀.

Gilbert ní, "Ìyá, Moṣọpẹ́ mọ̀. Èmi ni mo bá a ra okùn náà wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní lọ́jọ́ kan, òun kàn ti ọwọ́ bọ omi, òun ò lu òkúta kankan, ọkọ òun sì yọrí pé òun ti gbọ́. Ó sunkún. Mo ní kó sọ fún un, ó ní ojú á tì í. Ó ní bí òun bá ní kó má wọ odò mọ́, orí ilẹ̀ yìí ló máa kú sí. Ó ní òun máa so okùn mọ́ ọn nídìí, bí ewu bá ń bọ̀, òun á fà á. Ó ní òun máa sọ pé èmi ni mo ní kí àwọn ṣe é, kó má baà mọ̀ pé òun mọ̀."

Ìbínú mi kò ní ibi tó máa lọ mọ́. Irú ìfẹ́ wo nìyí, tí ẹnì kan ń fi etí pamọ́, tí èkejì ń fi okùn pamọ́? Mo sunkún fún àwọn méjèèjì. Mo gbé agbọ̀n náà fún Fálolú, mo kọ ọ̀rọ̀ Gilbert sínú ìwé fún un nítorí kò lè gbọ́ ọ. Ó kà á, ó sì wọ yàrá lọ.

Kò wọ odò mọ́ láti ìgbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń wá sọ́dọ̀ ẹ̀ fún ìgò ojú àti ọ̀pá, ó sì ń ṣe é fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá wá, á dá padà lọ́wọ́ òfo. Á pariwo mọ́ ọn pé, "Ta ló máa di okùn ẹ mú?"

Oṣù tó kọjá, mo lọ kí i. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo bá a. Ó ti hun okùn Moṣọpẹ́ parí. Bí mo ṣe jókòó, ó dìde, ó ki ojóbó náà bọ ìdí, ó ṣe wẹ́kú. Ó gbé ìdí okùn lé mi lọ́wọ́, ó rìn lọ títí dé ẹ̀yìn ilé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Ẹ fà á, Ẹ̀gbọ́n," ló ní.

Mo fà á díẹ̀.

Ó ní, "Mo gbọ́."