Lọ́nà Abúlé Tí Ìpè Kì í Dé

Ẹ́ńjìnnì kú láàárín odò, Malam Bala awakọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà rẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ewu ti dé.

Ojú ọjọ́ dára nígbà tí a kúrò ní Gangare, níbi tí mò ń gbé, ní ìdájí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni owó ọkọ̀, ìlọ́po méjì ohun tí a ń san kí afárá odò náà tó wó. Ànàmọ́ òyìnbó ni mò ń lọ rà, èyí tí wọ́n ń pè ní dankalin Turawa níbẹ̀. Ọ̀nà wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti bí mi, tẹ́jú. Tibí ń lọ́ láàárín àpáta, kùrukùru sì bò wọ́n débi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọjú, bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀.

Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọkọ̀, ojú fèrèsé ni a gbà jáde. Mo di ẹ̀ka igi kan mú títí mo fi dé etí omi níhà abúlé. Ọkọ̀ náà rọra yí padà, ó bá omi lọ, iná iwájú rẹ̀ ṣì ń tàn lábẹ́ omi bí òṣùpá.

Mama Chundung, tí mo máa ń ra ànàmọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní abúlé náà, fún wa láṣọ gbígbẹ àti gwate, ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè mọ́ ẹ̀fọ́. Àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Bí ìyàwó mi kò bá gbọ́ mi, ọ̀nà yẹn náà ni yóò gbà wá mi wá, omi yẹn náà ni yóò sì bá. Fóònù mi ti mu omi. Lórí àpáta ńlá ẹ̀yìn abúlé nìkan ni ìpè ti ń wọlé, níbẹ̀ pàápàá, àfi tí kùrukùru bá ká.

Bí a ṣe ń gun òkè, Mama Chundung sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò pé, “Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti wá wọn ilẹ̀ fún òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Baba. Àwọn tó yẹ kó gbé irin rẹ̀ wá ni kò rí ibi kọjá.”

Àwọn ènìyàn tò lórí àpáta. Obìnrin kan fẹ́ pe ẹni tí yóò wá kó ànàmọ́ rẹ̀ kó tó jẹrà, síbẹ̀ ó ní kí ẹni tó ti inú omi jáde kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó yá mi ní fóònù rẹ̀. Mo pe ìyàwó mi nílé.

“Ìyá Wálé, àlàáfíà ni. Má da ara rẹ láàmú.”

Ìpè já. Ibẹ̀ ni mo ti mọ àṣìṣe mi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ túfọ̀ bàbá mi fún mi. Nínú wa, ta ni ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí kò ní gbéra? Kùrukùru padà bolẹ̀, ìpè kò wọlé mọ́.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi, mo jókòó. N kò mọ̀ bóyá mo sùn. Nígbà tó di ọ̀sán, àchàbà kan, ìyẹn ọ̀kadà, dúró ní òdìkejì odò, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó ká ìró sókè, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi.

“Ìyá Wálé, má wọ̀ ọ́. Omi yìí ló gbé ọkọ̀ wa lọ.”

Ó dúró. “Bàbá Wálé, ṣé ẹ̀yin nìyẹn, àbí òkú yín?”

“Èmi ni. Ebi ń pa mí.”

“Òkú tó ń wá oúnjẹ kò tíì kú tán,” ló wí, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a wà títí ilẹ̀ fi ṣú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní etí omi tirẹ̀, à ń wo ara wa bí ẹni ń wo àlá. Ọjọ́ kẹta ni omi tó fà dé orúnkún. Malam Bala di okùn kan mú fún mi, mo di ojú mi kọjá.

A wọ Gangare láìní ẹyọ ànàmọ́ kan. Àwọn ará ilé péjọ, wọ́n ń béèrè bóyá àlàáfíà ni a dé. Mo ní ọkọ̀ wa bá omi lọ, àwa kò kú. Wọ́n ń wo ẹnu mi, wọ́n ń retí ìyókù, orúkọ ẹni tó kú.

Ìyàwó mi ló sọ fún wọn pé kò sí ìyókù.