Ìyá Tó Ń Gé Aṣọ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèrèsé

Àwa mẹ́fà la jọ ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa láàárín ìgboro Johannesburg. Kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọọṣẹ́. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé là ń rán. Bí ìjà bá dé, òfin kan ló wà: kí a tó dìbò lé ẹnikẹ́ni jáde, ẹni tó mú ẹjọ́ wá ni yóò kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ro ẹjọ́ ẹnìkejì, títí onítọ̀hún yóò fi sọ pé, "Ó tán." Nílẹ̀ Yorùbá tí mo ti wá, a máa ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí mi, ta ló ń rántí òwe?

Ìyá tó ń bá wa gé aṣọ, ọmọ Zulu, tó dàgbà jù wá lọ, ló gé ogún síkẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ kan, gbogbo wọn wọ́. Mo jágbe mọ́ ọn lójú àwọn oníbàárà. Mo ní àfi kó lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì a ti ilẹ̀kùn, a jókòó yí tábìlì rẹ̀ ká. Ìyá náà ká ọwọ́ lé itan. Bí a bá lé e, ta ló máa gbà á síṣẹ́ ní ọjọ́ orí yẹn? Gbogbo wa mọ̀.

"Ó yá, ro ẹjọ́ mi," ni ìyá náà wí fún mi.

"Ó ti rẹ̀ yín, Mama."

"Ó kù."

"Taxi yín ń pẹ́ láràárọ̀, ẹ kì í sùn dáadáa."

"Ó kù."

Ara mi ti ń gbóná. "Kí ló tún kù? Àbí ẹ ò ríran mọ́ ni?"

Ìyá náà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Eish. Níbo ni mo ti ń gé aṣọ tẹ́lẹ̀?"

Háà! Nígbà tí òtútù dé, èmi ni mo ní kí wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sídìí ògiri tó ṣókùnkùn, kí oòrùn ojú fèrèsé lè máa ta sí èmi àti máṣíìnì mi lára. Kò janpata nígbà náà. Ó kàn mú àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó lọ.

Gbogbo wọn ń wò mí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

"Èmi ni mo gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ yín," ni mo wí.

"Ó tán."

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìbò mọ́. Mo dìde, mo yọ wáyà máṣíìnì mi lára ògiri, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á kúrò lójú fèrèsé. Ó wúwo. Kò sẹ́ni tó bá mi gbé e, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni.