Sùtánà Tí Wọ́n Ní Kí Ọmọ́yẹni Gbé Kọ́

Wọ́n ní oyún ló pa Ọmọ́yẹni. Láti ẹnu géètì Ìbà Housing Estate títí dé Ijanikin ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọ́n ní ó lóyún, ó lo oògùn láti ṣẹ́ ẹ, oògùn wá gbẹ̀mí ẹ̀. Obìnrin kan tí mi ò rí rí dúró níwájú àtẹ ọṣẹ mi lọ́jọ́ kan, ó ń rò ó fún mi bí ẹni pé ojú ẹ̀ ni Ọmọ́yẹni ṣe mu oògùn náà.

Irọ́ ni. Èmi Ìyá Faridah, tí ojúlé mi kan tiẹ̀ ní Okokomaiko, èmi ni mo gbé e dé ọsibítù, etí mi yìí sì ni dọ́kítà sọ ọ́ sí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, àmọ́ mo gbọ́ Yorùbá. Ọkàn ló pa á. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Màá sì sọ ibi tí irọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹnu mi ló ti jáde.

Ayétòrò ni Ọmọ́yẹni ti wá. Bàbá ti kú, ìyá ti kú. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra lọ sí Kútọnu, kò padà, kò sì pè. Aránṣọ ni, sùtánà nìkan ló sì ń rán, aṣọ funfun tí àwọn ará ìjọ ẹ̀ máa ń wọ̀ lọ sílé àdúrà. Kò fi bẹ́ẹ̀ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Máṣíìnì ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Tí mo bá jókòó síta, màá máa gbọ́ ọ: “Rọra. Rọra, ibo lò ń sáré lọ?” Mo kọ́kọ́ rò pé ó lálejò ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí àwọn ará ìjọ bá ń kọjá lọ láìwọ bàtà, funfun báláú, kò sí sùtánà kan tí kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀ ló rán an. Lọ́jọ́ kan ó fi ẹnu tọ́ka sí olùṣọ́ àgùntàn wọn, ó rọra sọ fún mi pé, “Ìyá Faridah, ẹ wo ikùn Bàbá Olùṣọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tú aṣọ yẹn. Mo ní kí wọ́n dín ẹ̀bà kù, wọn ò gbọ́.” Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ lọ́dún yẹn nìyẹn.

Nígbà tí ìkórè wọn kù bí oṣù kan, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Láti ìdí ẹ̀rọ omi dé ojúlé wa kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó ní àgbọ̀n ń dun òun, ó rò pé eyín ni. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun láàárín èjìká méjèèjì, èmi náà ní máṣíìnì ni, ta ló máa tẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn látàárọ̀ dalẹ́ tí ẹ̀yìn ò ní dùn? Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bì nídìí ẹ̀rọ. Obìnrin mẹ́fà la wà níbẹ̀. Àwàdà gbé mi wọ̀.

“Ọmọ́yẹni! Ó ń rẹ̀ ẹ́, o tún ń bì. Ta ni bàbá ọmọ? Jẹ́ ká mọ̀ ọ́n o, ká lè tètè máa kó ọṣẹ ìfọ̀dí ọmọ pamọ́!”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó nu ẹnu. Ó ní, “Ìyá Faridah, ẹ máa pa mí.”

Àwàdà yẹn ò tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé ilé àdúrà. Ìyá Àdúrà wọn wá. Nínú ìjọ wọn, ọmọge tó bá lóyún láìtíì ṣègbéyàwó, wọ́n á ní kó gbé sùtánà ẹ̀ kọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ògiri ilé wa ò nípọn, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.

“Mà, mi ò lóyún.”

“Obìnrin mẹ́fà ló rí ẹ tó ń bì, ìwọ ọmọ yìí.”

“Mo bì lóòótọ́. Ṣé gbogbo èébì ló ń di ọmọ ni?”

“A ò lé ẹ. Gbé e kọ́ ná. Àmọ́ bá wa parí ti ìkórè o, aṣọ mọ́kànlá ló kù.”

Bí ẹni tó ń rán aṣọ fún gbogbo ìjọ ò ṣe rí tiẹ̀ wọ̀ nìyẹn. Mo lọ bá a. Mo ní kó ṣe àyẹ̀wò oyún, kó fi hàn wọ́n. Ó ní, “Kí n wá máa gbé ìtọ̀ kiri ojúlé?” Mo ní ó dáa, màá lọ sọ fún wọn pé àwàdà ni. Ọjà ń pè mí, ọjọ́ ń lọ. Mi ò lọ.

Oṣù yẹn gan-an ni Àdìgún, rewáyà tó ń gbé ojúlé iwájú, di àyà mú lọ́jà Alaba. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni. Kó tó wólẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin ti gbé e sínú mọ́tò. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé tí ọkùnrin bá di àyà mú, ọsibítù ni. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló fún un lóyún. Ó wà láyé di òní, ó ṣì ń bá wa jà lórí owó iná.

Ọjọ́ ìkórè, gbogbo wọn jáde ní funfun. Mùsùlùmí ni mí, mo wà nílé. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Bọ́tìnì Faridah já, mo lọ yá abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ Ọmọ́yẹni. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo bá a, ó fẹ̀yìn ti ògiri, òógùn bò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú odò jáde.

“Ṣé àyà ni?”

“Kì í ṣe àyà. Àgbọ̀n mi ni, àti ẹ̀yìn. Látàárọ̀ ni.”

“Kí ló dé tó ò pe èèyàn?”

“Gbogbo wọn ti lọ.”

“Èmi ńkọ́?”

Ó wò mí.

Mo fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé e lọ sí ọsibítù. Níbẹ̀ náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé ó lóyún. Mo pariwo: “Kò lóyún! Ẹ wo nǹkan míì!” Dọ́kítà, obìnrin kékeré kan, lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, ojú ẹ̀ sì yí padà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dì, ó ti dí ojú ọ̀nà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára ẹ̀ tipẹ́ láìmọ̀. Ó ní àìsàn yìí ò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Àyà ló sábà máa ń dun ọkùnrin, ó lè dun obìnrin náà, àmọ́ ti obìnrin míì, àgbọ̀n ni, ẹ̀yìn ni, èébì ni, àárẹ̀ lásán ni, àwọn èèyàn á sì máa pè é ní nǹkan míì. Mi ò lè gbójú sókè wò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wá lọ bá Ìyá Àdúrà. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹnu mi ni. Wọ́n sunkún. Wọ́n ní kó máa wọ aṣọ ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni ọkàn ẹ̀ dúró. Àwọn ará ìjọ wá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀ lọ́wọ́ mi, torí aṣọ yẹn náà ni wọ́n fi ń sin òkú wọn. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún un. Ó bá a mu rẹ́gí.

Àmọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú tó ṣáájú, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, nígbà tí mo jíṣẹ́ Ìyá Àdúrà fún un, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní: “Ẹ ṣé, Ìyá Faridah. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni sùtánà mi wà, mo ti lọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi mú un wá o. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́.”